ORÍ KEJE: BÍ A TI Ń SỌ EÉSAN DI ÈÉDÚ AFÀMỌ́RA

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ẹkù rí, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń se ẹyìn, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n sì ń fún epo rẹ̀, yóò ti ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn tí epo bá ti wọ inú agbè tán, tí a sì ti pa èkùrọ́, tí ọmọ inú rẹ̀ ti bọ́ sínú agbọ̀n, òkìtì ohun dúdú, líle, ẹlẹ́nu mímú kan a máa kù sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ lásán kì í fẹ́ tẹ̀. Eésan nì yẹn, èèpo tí ó bo ọmọ èkùrọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pẹ, igi ọlá, kò ní ibi tí kò wúlò lára: imọ̀ rẹ̀ di òrùlé, ọwọ̀ inú imọ̀ di ohun ìgbálẹ̀, ẹmu rẹ̀ di ohun ìṣàlejò, ara ẹyìn rẹ̀ di epo, ọmọ inú èkùrọ́ di àdín, eésan nìkan ni ó dàbí ẹni pé kò rí iṣẹ́ ṣe ju kí a dà á sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, tàbí kí alágbẹ̀dẹ kó o sínú iná ewìrì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lára ohun tí à ń dà nù yìí gan-an ni a ti lè ṣe èédú kan tí ń gba àwọ̀ kúrò lára ṣúgà, tí ń gba òórùn kúrò lára omi, tí ń gba májèlé nínú ikùn ẹni tí ó jẹ ẹ́, tí ó sì ń ṣa wúrà kúrò nínú omi tí a fi yọ́ ọ láti inú òkúta. Òun ni à ń pè ní èédú afàmọ́ra nínú ìwé yìí. Ohun kan ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú dání bí ó ti ń ka orí yìí lọ: inú àlàfo tí a dá sí èédú náà lára ni agbára rẹ̀ wà, gbogbo ọgbọ́n tí a ó sì kọ́ nípa iná, nípa oru omi àti nípa ásíìdì, ọgbọ́n bí a ti ń dá àlàfo sínú ilé láìjẹ́ kí ilé wó ni.

Bí ó ti rí nínú

Kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí ojú sábà máa ń rí bí ọ̀kan. Bí a bá ti òwú bọ omi, omi a wọ inú òwú, a sì kún un. Ìfàmu ni à ń pe irú èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá da èédú afàmọ́ra sínú omi aláwọ̀, mólékù àwọ̀ náà kì í wọ inú ara èédú lọ; ojú ògiri ihò rẹ̀ ni ó ń lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ náà ni yóò sì dúró sí. Ìfàmọ́ra ni èyí. Agbára tí ó dì í mú mọ́ ògiri kì í sábà jẹ́ ti ìdàpọ̀ kẹ́míkà. Agbára ẹlẹgẹ́ kan ni, èyí tí ó wà láàrin mólékù méjì yòówù tí wọ́n bá súnmọ́ra tó, tí a sì fi orúkọ ọ̀mọ̀wé ará Họ́láńdì nì, Johannes van der Waals, sọ. Níwọ̀n bí agbára náà ti kéré, tí kì í sì í dé ọ̀nà jíjìn, ohun méjì ni èédú gbọ́dọ̀ ní kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè hàn sí ojú: ògiri púpọ̀ rẹpẹtẹ, àti ihò tí ó há tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri ọ̀tún àti ti òsì yóò fi jọ di mólékù kan náà mú.

Ti ògiri púpọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Gíráàmù kan èédú afàmọ́ra tí ó dára, èyí tí kò lè kún ṣíbí tí a fi ń ro tíì, a máa ní ògiri inú tí yóò fẹ̀ tó 1,000 mítà onígun mẹ́rin bí ó bá ṣe é ṣe kí a tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 100 ẹsẹ̀ bàtà, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 50, kò pé 500 mítà onígun mẹ́rin. Nítorí náà pílọ́ọ̀tì méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ká pọ̀ sínú ìyẹ̀fun tí ẹ̀fúùfù lè gbé lọ ní àtẹ́lẹwọ́.

Ilé ikán ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi wé e. Láti òde, òkìtì amọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọkọ́ là á yóò rí ọ̀nà ńlá tí ó wọlé, yóò rí ọ̀nà kéékèèké tí ó yà lára ti ńlá, yóò sì rí àìmọye ìyẹ̀wù ní òpin àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, níbi tí iṣẹ́ ilé gan-an wà. Ihò ńlá inú èédú, tí ó fẹ̀ ju 50 nánómítà lọ, ni ọ̀nà àbáwọlé. Ihò àárín, láti 2 dé 50 nánómítà, ni ọ̀nà inú ilé. Ihò kíkíní, tí kò tó 2 nánómítà, ni ìyẹ̀wù, ibẹ̀ sì ni èyí tí ó pọ̀ jù lára ògiri wà. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan níbẹ̀ ni nánómítà kan.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mólékù kékeré, irú èyí tí ń bẹ nínú òórùn pẹtiróòlù, a máa wọ ihò kíkíní, ihò náà a sì dì í mú ṣinṣin. Bí ó bá bọ́ sínú ihò tí ó fẹ̀ jù, ògiri méjèèjì jìnnà sí i, yóò sì tún jáde lọ. Mólékù àwọ̀ pupa inú ṣúgà, ní tirẹ̀, tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gba ẹnu ihò kíkíní kọjá. Ihò àárín ni ó ń fẹ́. Nítorí náà kò sí èédú kan tí ó dára fún gbogbo iṣẹ́. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí a fẹ́ fi mú kí ó tó dá iná.

Bí ayé ti dé ìdí rẹ̀

Ìtàn rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni a ó sọ níhìn-ín. Ní ọdún 1785, ní ìlú St Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, apoògùn kan tí ń jẹ́ Tobias Lowitz ṣàkíyèsí pé èédú igi ń gba àwọ̀ kúrò lára omi ásíìdì tí òun ń sè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn tí ń fọ ṣúgà ní Yúróòpù fi ń lo èédú igi, àti lẹ́yìn náà èédú egungun, láti sọ ṣúgà pupa di funfun. Ṣùgbọ́n èédú lásán ni wọ́n ń lò, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Raphael von Ostrejko ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1900 àti 1901 lórí ọ̀nà méjì tí a ṣì ń tọ̀ títí di òní: pé kí a po ohun ọ̀gbìn mọ́ iyọ̀ mẹ́táàlì kan kí a tó sun ún, tàbí kí a kọ́kọ́ sun ún di èédú, kí a wá fi oru omi tàbí kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì gbígbóná là á kọjá.

Ogun ni ó wá sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ọdún 1915, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú gáàsì kiloríìnì sílẹ̀ sí ojú afẹ́fẹ́ ní Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn tí ó fà á símú sì kú ikú oró. Láàrin ọdún náà ni ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà nì, Nikolai Zelinsky, ṣe ìbòjú tí ó fi èédú afàmọ́ra kún inú àpò rẹ̀, kí ó lè gba májèlé kí èémí tó dé ọ̀fun. Nígbà tí Amẹ́ríkà náà wọ ogun, wọ́n rí i pé èédú igi lásán kò lágbára tó, pé igbá àgbọn ni ó dára jù. Nígbà tí igbá àgbọn kò sì tó, ìjọba wọn rọ àwọn ará ilé ní ọdún 1918 pé kí wọ́n má ṣe da kóró èso píìṣì àti èèpo ẹ̀pà líle inú igbó nù mọ́, kí wọ́n kó wọn wá. Ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni èèpo líle ní tí igi rírọ̀ kò ní?

Ohun tí a lè fi ṣe é

Gbogbo ohun tí ó bá hù láti inú ilẹ̀ ni a lè sun di èédú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò di èédú afàmọ́ra tí ó ní láárí. Ohun mẹ́ta pàtàkì ni ara ewéko pín sí: sẹ́lúlọ́òsì, tí í ṣe okùn gígùn inú igi; hẹmisẹ́lúlọ́òsì, tí ó dì mọ́ okùn wọ̀nyí; àti lígínì, ohun líle tí ó jẹ́ kí igi lè nàró. Lígínì ni ó ní kábọ́ọ̀nù jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ni kì í tètè bá èéfín lọ nígbà tí iná bá dé. Lára eésan, lígínì a máa tó nǹkan bí ìdajì; lára igbá àgbọn, ó máa ń tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdáhùn kìíní nì yẹn. Èkejì ni pé ara eésan àti ti igbá àgbọn ki pinpin: ihò tí yóò jáde lára wọn yóò há, wóro wọn yóò sì le tó bẹ́ẹ̀ tí omi lè máa gbá wọn kiri nínú ọpọ́n ńlá láìdi ìyẹ̀fun. Ẹ̀kẹta ni pé eérú wọn kò tó nǹkan. Ẹ wo èèpo ìrẹsì, tí ó pọ̀ bí òkè ní gbogbo ibi tí a ti ń lọ ìrẹsì: nínú 100 kílógíráàmù rẹ̀, eérú a máa tó 15 sí 20, èyí tí ó sì pọ̀ jù lára eérú náà jẹ́ sílíkà, irú ohun tí yanrìn fi ṣe ara. Eérú kì í fa nǹkan mọ́ra, ṣe ni ó ń dí ẹnu ihò. Àfi kí a kọ́kọ́ fi oògùn kẹ́míkà yọ ọ́ kúrò, èyí tí í náni ní owó.

Ṣùkù àgbàdo àti ìyẹ̀fun igi tí ayùn ń dà sílẹ̀ ní àwọn ibi ìlagi kò yẹ ní títa nù pẹ̀lú. Wọ́n rọ̀, wóro wọn kì í le, ṣùgbọ́n bí a bá po wọ́n mọ́ ásíìdì gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú, èédú oníyẹ̀fun tí ó kún fún ihò àárín ni wọn yóò dà, èyí sì dára fún yíyọ àwọ̀. Ní etí òkun Àgbádárìgì, níbi tí igi àgbọn ti pọ̀, igbá àgbọn ni kí a gbájú mọ́; ní ilẹ̀ igbó tí ọ̀pẹ ti pọ̀, eésan ni.

Ọ̀rọ̀ eésan tún ní kókó kan nínú. Oríṣi ọ̀pẹ mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ń kà: dura, tí eésan rẹ̀ nípọn, pisifera, tí kò ní eésan rárá, tí kì í sì í sábà so dáadáa, àti tenera, ọmọ tí àwọn méjèèjì bí, tí eésan rẹ̀ fẹ́lẹ́. Beirnaert àti Vanderweyen ni wọ́n ṣàlàyé ìbátan yìí ní ilẹ̀ Kóńgò ní ọdún 1941, láti ìgbà náà sì ni àwọn ilé ìwádìí, títí kan èyí tí ó wà lẹ́bàá ìlú Benin ní ilẹ̀ wa, ti ń tẹ̀ lé tenera, nítorí pé èso tí eésan rẹ̀ bá fẹ́lẹ́ ni ara rẹ̀ ń nípọn, òun ni epo rẹ̀ sì ń pọ̀. Wọn kò ṣe ohun tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dá ilé iṣẹ́ èédú sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀pẹ àjọgbà inú igbó, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, ni yóò fún òun ní eésan tí ó nípọn jù, àti pé oko tuntun tí epo rẹ̀ pọ̀ kò ní í fún òun ní eésan tó bẹ́ẹ̀ lórí ìdì ẹyìn kọ̀ọ̀kan.

Sísun ún di èédú

Kí a fọ eésan mọ́ kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ àti okùn ẹyìn, kí a sá a kí ó gbẹ, kí a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ tí ó tó ara wọn, kí iná lè dé inú gbogbo wọn nígbà kan náà. Lẹ́yìn náà a ó kó o sínú iléru tí a lè dí lẹ́nu, tí afẹ́fẹ́ kò lè rí àyè wọlé, a ó sì máa mú ìgbóná rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wà láàrin 400°C sí 600°C.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú iléru náà yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú inú rí i. Omi ni yóò kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ìgbóná bá kọjá 220°C, hẹmisẹ́lúlọ́òsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Láàrin 315°C àti 400°C, sẹ́lúlọ́òsì yóò tú pẹ̀lú. Lígínì a máa lọ́ra, a bẹ̀rẹ̀ kí ìgbóná tó dé 200°C, a sì máa bá a lọ títí kọjá 800°C. Bí wọ́n ti ń tú ni háídírójìn àti ọ́síjìn inú wọn ń bá èéfín, gáàsì àti ọ̀dà jáde, tí kábọ́ọ̀nù sì ń kù lẹ́yìn. Bí a bá fi ìkánjú dá iná náà, ọ̀dà ni yóò pọ̀, èédú yóò sì kéré. Bí a bá fara balẹ̀, èédú ni yóò pọ̀. Nínú 100 kílógíráàmù eésan gbígbẹ, kí a máa retí bí 30 kílógíráàmù èédú.

Kí ni ó dé tí èédú yìí fi ní ihò rárá? Obìnrin ọlọ́gbọ́n nì, Rosalind Franklin, tí ayé mọ̀ jù nítorí àwòrán tí ó yà nípa DNA, ni ó là á yé wa. Ó ti ń ṣe ìwádìí lórí èédú ilẹ̀ ní ìlú London nígbà ogun àgbáyé kejì, ní ọdún 1951 ni ó sì kọ ọ́ síwèé pé ẹ̀yà méjì ni kábọ́ọ̀nù tí a ti sun. Ní ẹ̀yà kìíní, bí ìgbóná bá ti ń pọ̀ sí i, àwọn ìpele kábọ́ọ̀nù a tò léra wọn gbọọrọ, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di gíráfáìtì, irú èyí tí à ń fi sínú pẹ́ńsù. Ní ẹ̀yà kejì, àwọn ìpele náà ti so kọ́ra wọn ní kọrọkọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti le gbagidi, nítorí náà kò sí iye iná tí yóò mú wọn tò. Ohun tí a bá sun láti ara ewéko líle ń bọ́ sí ẹ̀yà kejì yìí. Nítorí pé ìpele wọn kò tò, àlàfo tóóró-tóóró wà láàrin wọn. Àlàfo wọ̀nyí ni ihò kíkíní. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí kò rí ọ̀nà jáde ti dì sínú wọn, ó ti dí wọn lẹ́nu. Èédú ìdáná wa, ibi tí ó dúró sí nìyẹn: ilé ti wà, ilẹ̀kùn ni kò ṣí.

Oru omi

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò rò pé bí ó bá jẹ́ pé jíjó ọ̀dà kúrò ni iṣẹ́ tí ó kù, kí a ṣáà ṣí ẹnu iléru kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ìrònú náà dára, ṣùgbọ́n yóò sọ gbogbo èédú di eérú. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ yára jù. Bí ó bá ti kan kábọ́ọ̀nù gbígbóná, lójú ẹsẹ̀ ni yóò jó o. Kí ó tó rìn dé inú ihò, ó ti tán lórí awọ ẹ̀yìn wóro èédú. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, jíjó náà ń mú ooru wá, 394 kílójúùlù fún mólù kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ooru náà sì ń mú kí jíjó tún yára sí i, títí apá kò fi ní í ká a mọ́. Iná kú, ó fi eérú bojú.

Omi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá mú èédú wa gbóná dé 800°C sí 1,000°C nínú iléru tí kò ní afẹ́fẹ́, tí a sì fẹ́ oru omi gba inú rẹ̀ kọjá, mólékù omi kan yóò mú átọ̀mù kábọ́ọ̀nù kan lọ, wọn yóò sì di gáàsì méjì:

C + H₂O → CO + H₂

Bí ó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì ni a fẹ́ sí i, báyìí ni yóò rí:

C + CO₂ → 2CO

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì yìí kì í mú ooru wá; ṣe ni wọ́n ń gba ooru, 131 kílójúùlù fún ti omi, 172 fún ti kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì. Nítorí náà kò lè sá mọ́ wa lọ́wọ́: bí a bá dín iná kù, iṣẹ́ dúró. Wọ́n sì lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí oru omi fi ń ráyè wọ inú ihò lọ dé ìsàlẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́, kí ó jẹ ọ̀dà tí ó dí ẹnu ihò, kí ó sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ògiri díẹ̀díẹ̀, kí ihò tuntun lè ṣí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. N kò mọ ibòmíràn nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì tí òwe àwọn àgbà yìí ti fi ara hàn kedere tó báyìí.

Ibi tí ọgbọ́n ti wá di ọgbọ́n ni mímọ ìgbà tí ó yẹ kí a dáwọ́ dúró. Bí oru omi kò bá tíì pẹ́ tó, ihò kò ṣí tó. Bí ó bá pẹ́ jù, ògiri tí ó wà láàrin ihò méjì yóò jẹ tán, ihò kíkíní méjì yóò di ihò ńlá kan, ògiri yóò sì dín kù dípò kí ó pọ̀. Ẹni tí ń ṣe é a máa wọn ìpàdánù: kí a ní 600 gíráàmù èédú wọ iléru, tí 330 gíráàmù sì jáde, 270 ti lọ, ìyẹn 45 nínú 100. Bí èédú 600 gíráàmù náà bá ti ara 2 kílógíráàmù eésan wá, a jẹ́ pé nínú gbogbo eésan wa, 16.5 nínú 100 péré ni ó kù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ka èyí sí òfò. Bí a kò bá yọ nǹkan kúrò, a kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọ̀nà ásíìdì àti ti eérú

Ọ̀nà kejì kì í dúró de èédú. Bí eésan tàbí ìyẹ̀fun igi bá ti gbẹ, a ó rẹ ẹ́ sínú ásíìdì fọsifọ́ríìkì kí ó mu ún dáadáa, a ó wá sun ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 400°C sí 600°C. Ásíìdì náà a máa yọ omi kúrò lára sẹ́lúlọ́òsì àti lígínì kí wọ́n tó tú di ọ̀dà, a máa so wọ́n kọ́ra, a sì máa gba àyè sí àárín wọn kí ara wọn má bàa súnkì. Nígbà tí a bá wá fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn iná, tí a fọ̀ ọ́ títí bébà lítímọ́ọ̀sì kò fi yí àwọ̀ padà mọ́, ibi tí ásíìdì jókòó sí ni yóò di ihò. Ìgbóná rẹ̀ kò pọ̀ tó ti oru omi, èédú tí ó ń kù sì pọ̀ ju ti oru omi lọ. Ṣùgbọ́n ìṣòro rẹ̀ ni omi ìfọ̀, tí a kò gbọdọ̀ dà sínú odò. Ilé iṣẹ́ tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe a máa gba ásíìdì náà padà láti lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Síǹkì kíláráìdì ni àwọn ará àtijọ́ ń lò fún iṣẹ́ yìí; ọ̀pọ̀ ti fi í sílẹ̀ nítorí bí síǹkì ti ń ba omi jẹ́.

Pọtáṣíọ̀mù náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ìyá tí ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé bí a bá sun èèpo kòkó di eérú, tí a sì sẹ́ omi gba inú eérú náà, omi tí yóò jáde a máa ta ọwọ́, òun ni ó sì ń sọ epo di ọṣẹ. Pọtáṣíọ̀mù kábọ́néètì ni ó pọ̀ nínú omi náà, ohun yìí kan náà sì wà lára àwọn ohun tí àwọn onímọ̀ ń pò mọ́ èédú. Ní 700°C sí 900°C, kábọ́ọ̀nù a gba ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀, pọtáṣíọ̀mù a sì di oru, a wọ àárín àwọn ìpele kábọ́ọ̀nù, a sì tì wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ilẹ̀ tí ó ní ọ̀pẹ àti kòkó pọ̀ ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láìrán ẹnikẹ́ni lọ sí òkè òkun láti ra oògùn rẹ̀.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ padà wo ìdọ́gba méjèèjì tí a kọ lókè: CO ni ó ń jáde nínú méjèèjì, ìyẹn kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí í sì í pani lójú oorun. Gbangba ìta ni irú iléru yìí gbọ́dọ̀ wà, gáàsì rẹ̀ sì ni kí a jó ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ewu kejì kì í tètè wá sí ọkàn: èédú afàmọ́ra tí ó tutù fún omi, tí ó wà nínú tánkì tí a dé, a máa fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́ra. Ènìyàn ti wọ irú tánkì bẹ́ẹ̀ láti tún un ṣe, tí kò sì jáde láàyè. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé a ti wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀.

Yíyẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò

Àwọn onímọ̀ a máa wọn ògiri inú èédú nípa fífi gáàsì náítírójìn tí ó tutù gan-an bò ó, ní ìlànà tí Brunauer, Emmett àti Teller gbé kalẹ̀ ní ọdún 1938. Wọn a sì máa wọn iye mílígíráàmù áyódìn tí gíráàmù kan lè fà mọ́ra. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, èyí tí ó rọrùn ni kí a ṣe. Ẹ se ìṣápá pupa kí omi rẹ̀ jáde, ẹ sẹ́ ẹ kí ó mọ́, ẹ pín in sí ìgò mẹ́ta ní ọgbọọgba. Ẹ da gíráàmù méjì èédú ìdáná tí a lọ̀ kúnná sínú ọ̀kan, ẹ da gíráàmù méjì èédú afàmọ́ra sínú èkejì, ẹ má da ohunkóhun sínú ẹ̀kẹta. Ẹ mi gbogbo wọn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi bébà ìsẹ́ sẹ́ wọn, kí ẹ sì tò wọ́n sí iwájú bébà funfun. Ìgò kẹta ṣe kókó, nítorí láìsí i, a kò ní í mọ̀ bóyá bébà ìsẹ́ ni ó gba àwọ̀ náà. Ẹ má ṣe mu omi náà.

Ó yẹ kí a tún sọ ohun tí èédú yìí kò lè ṣe, nítorí àwọn kan ń tà á bí ẹni pé kò sí omi tí kò lè wẹ̀ mọ́. Kò lè pa kòkòrò àrùn. Bí omi bá pẹ́ lórí rẹ̀, kòkòrò lè máa bí sí i nínú ihò rẹ̀. Kò lè yọ iyọ̀ kúrò lára omi. Omi kànga tí a fi í sẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí iná kí ó hó, tàbí kí a fi kiloríìnì sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ihò tí ó ti kún ti kún: èédú tí ó ti sin omi fún ìgbà pípẹ́ kò yàtọ̀ sí òkúta mọ́, àfi kí a dá a padà sínú iléru, kí a tún fẹ́ oru omi sí i ní bí 800°C, kí ohun tí ó fà mọ́ra lè jó kúrò. Ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà a máa fún àgbàlagbà tí ó jẹ májèlé ní 50 gíráàmù rẹ̀ nínú omi bí ó bá tètè dé. Ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹni tí ó mu kẹrosíìnì, ásíìdì tàbí ọtí líle, kò sì yẹ kí a fún ẹnikẹ́ni nílé, nítorí bí ó bá gba ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ewu mìíràn ni.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

A kó 5 kílógíráàmù igbá àgbọn gbígbẹ wọ iléru, èédú tí ó jáde jẹ́ 1,450 gíráàmù. Lẹ́yìn oru omi, ó ku 870 gíráàmù. Mélòó nínú 100 ni oru omi mú lọ, mélòó nínú 100 ni ó sì kù lára igbá àgbọn àkọ́kọ́?

Ṣàlàyé, láìlo ìdọ́gba kankan, ìdí tí iṣẹ́ tí ń gba ooru fi rọrùn láti ṣàkóso ju iṣẹ́ tí ń mú ooru wá lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ kan fẹ́ ṣe èédú tí yóò fi yọ òórùn pẹtiróòlù kúrò nínú afẹ́fẹ́, òmíràn fẹ́ èyí tí yóò yọ àwọ̀ kúrò lára ṣúgà. Eésan àti ìyẹ̀fun igi ni ó wà nílẹ̀, oru omi àti ásíìdì sì wà pẹ̀lú. Kí ni o máa gba ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn níyànjú láti lò, kí sì ni ìdí rẹ̀?